Aṣọ Eré Ọ̀nà Jíjìn Nígbà Ọyẹ́ àti Òtútù: Ìbéèrè Tí Wọ́n Ń Bi Wá Jù ní Àkúrẹ́

Ọdọọdún ni, bí ọyẹ́ bá ti wọ̀lú, ìbéèrè kan náà ni àwa tí a ń sáré ọ̀nà jíjìn máa ń dáhùn láàárọ̀ Sátidé. A kó wọn jọ síbí kí ẹnu wa lè sinmi.

Ṣé òtútù kan wà ní Àkúrẹ́ tó tó kéèyàn máa ronú aṣọ sí?

Ó wà, àmọ́ kì í ṣe irú ti ìlú òyìnbó. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ìdájí lè bá wa ní nǹkan bíi dígírì 16 sí 20. Tó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán, ó ti lé ní 30. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ẹni tó jáde nílé láti sáré kìlómítà 25 yóò bẹ̀rẹ̀ nínú òtútù, yóò sì parí sínú oòrùn, aṣọ kan ṣoṣo ló sì wà lọ́rùn rẹ̀.

Àwọn tó ń gun Òkè Ìdànrè mọ irú mìíràn. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 yẹn á mú kí òógùn bò yín, ẹ ó wá dé òkè, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ lu ẹ̀wù tó ti rin.

Kí ni kí n wọ̀ ní àárọ̀ ọyẹ́ gan-an?

Ẹ̀wù fẹ́lẹ́ kan tí kì í mu omi, tí kì í ṣe òwú, ṣòkòtò pénpé tàbí táìtì, ìbọ̀sẹ̀, bàtà. Ó tán. Ẹni tí òtútù tètè ń mú lè wọ alápá gígùn dípò alápá kékeré. A mọ̀ pé ìdáhùn yìí kì í tẹ́ àwọn èèyàn lọ́rùn.

Òtútù ń mú mi dé eegun ní ẹnu ọ̀nà ilé. Ṣé kí n fi súwẹ́tà kún un?

Ẹ má fi kún un. Ẹnu ọ̀nà kọ́ lẹ ń múra fún, kìlómítà kejì ni. Nínú gbogbo agbára tí iṣan ń lò téèyàn bá ń sáré, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ń di ooru. Kí ẹ tó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sáré, ara yín ti di ààrò. Òfin tí àwọn eléré ń tẹ̀ lé ni pé kí ẹ wọṣọ bí ẹni pé ojú ọjọ́ fi nǹkan bíi dígírì 10 gbóná ju bó ṣe wà lọ. Bó bá jẹ́ 17 ló wà níta, aṣọ ọjọ́ 27 ni kí ẹ wọ̀, aṣọ ọjọ́ 27 ní Àkúrẹ́ sì ni aṣọ tí ẹ ń wọ̀ lójoojúmọ́.

Bí òtútù ò bá mú yín díẹ̀ nígbà tí ẹ ń bẹ̀rẹ̀, aṣọ yín ti pọ̀ jù. A máa ń rí wọn ní àdúgbò Alágbàká: ọkùnrin tó wọ tíràkísúùtì lé ẹ̀wù méjì, tó dé fìlà onírun, tó fa síìpù dé àgbọ̀n. Kò ní pẹ́ tó fi máa so jákẹ́ẹ̀tì mọ́ ìdí, apá jákẹ́ẹ̀tì á wá máa na itan rẹ̀ bíi pàṣán títí eré á fi parí. Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá.

Òógùn lọ̀tá yín, kì í ṣe òtútù. Aṣọ tó pọ̀ jù ń fa òógùn, òógùn ń rin aṣọ, aṣọ tó rin á wá máa fa ooru ara yín lọ ní kété tí ẹ bá dẹsẹ̀ rọ̀. Omi ń gba ooru lára èèyàn ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbà á lọ. Gbogbo ìdáhùn tó kù ní ojú ewé yìí, orí ọ̀rọ̀ yẹn ló dúró lé.

Kí ni òwú ṣẹ̀ yín? Gbogbo tí-ṣáàtì mi, òwú ni.

Òwú dáa fún òde, ó dáa fún oorun. Ìwà tó mú un dáa nílé náà ló ń bà á jẹ́ lójú ọ̀nà: ó ń mu omi, kì í sì í tètè jẹ́ kí omi náà lọ. Lẹ́yìn kìlómítà mẹ́wàá, ẹ̀wù òwú á wúwo, á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, á sì máa họ abẹ́ apá. Pọliẹ́sítà kì í mu omi bẹ́ẹ̀. Ó ń jẹ́ kí òógùn ta dé ojú aṣọ, kí afẹ́fẹ́ gbé e lọ. Irun àgùntàn ń mu omi ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń pa ooru mọ́ bó bá rin. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ìlú òtútù ò fi lè ṣe kó má wọ̀ ọ́. Ní Àkúrẹ́, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Fún eré kìlómítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, òwú ò lè pa yín. Fún kìlómítà 42.195 ti máratọ́ọ̀nù, ẹ má dán an wò.

Níbo la ti lè rí irú aṣọ yìí láìná owó gọbọi?

Òkìríkà. Ẹni tó bá ní sùúrù láti bẹ̀rẹ̀ ṣà á lọ́jà á rí ẹ̀wù eré tó dáa tí ẹnì kan ní Yúróòpù wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì péré. Ẹ wo àkọlé inú ọrùn tàbí ti ìhà aṣọ: bó bá kọ polyester, ẹ gbé e, bó bá kọ 100% cotton, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Bí wọ́n bá ti gé àkọlé kúrò, ẹ fún aṣọ náà mọ́wọ́ dáadáa, kí ẹ sì jù ú sílẹ̀. Òwú sábà máa ń rún, pọliẹ́sítà á na padà. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má da omi olóòórùn dídùn tí wọ́n fi ń mú aṣọ rọ̀ sí i, torí ó ń dí ojú aṣọ.

Jẹ́sì bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbé kọ́ lẹ́bàá ọ̀nà náà ń ṣiṣẹ́, ì báà jẹ́ ayédèrú. Wàhálà rẹ̀ ni báàjì àyà àti nọ́ńbà ẹ̀yìn tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá, tó sì ń ha ara. Èmi fúnra mi ti fi owó tó pọ̀ ra ẹ̀wù tuntun kan tí ẹni tó tà á búra pé kì í mu òógùn. Òwú gidi ni. Láti ìgbà náà, àkọlé inú aṣọ ni mo ń kà, mi ò ka ẹnu ọlọ́jà mọ́.

Orí ńkọ́? Wọ́n ní orí ni ooru ara ń gbà sá lọ jù.

Ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́, àmọ́ kì í ṣe òótọ́. Orí ò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ara lọ, ooru tó sì ń gba ibẹ̀ jáde kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ. Nígbà ọyẹ́, fìlà fẹ́lẹ́ tó bo etí ti tó, ẹ ó sì ti bọ́ ọ sápò kí ojúmọ́ tó mọ́.

Ọwọ́ àti apá ló ń jẹ ìyà jù. Ọgbọ́n tí a ń dá nìyí: ẹ wá ìbọ̀sẹ̀ bọ́ọ̀lù gígùn tó ti gbó, ẹ gé ibi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kúrò, ẹ wọ̀ ọ́ sí apá láti ọrùn ọwọ́ dé òkè ìgúnpá. Bí ara bá ti gbóná, ẹ rọ̀ ọ́ wálẹ̀ sí ọrùn ọwọ́. Kò sí jákẹ́ẹ̀tì tó rọrùn bẹ́ẹ̀.

Ṣé ó yẹ kí n wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì?

Rárá. Ìbọ̀sẹ̀ méjì ń fún bàtà pọ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í ṣàn dáadáa dé ọmọ ìka, òtútù á wá mú ẹsẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹyọ kan tí kì í ṣe òwú ti tó.

Ètè mi ń là, itan mi ń bó, ọmú mi sì ń ṣẹ̀jẹ̀ sára ẹ̀wù. Kí ni kí n ṣe?

Ọyẹ́ tó ń gbẹ kòkó lórí ẹní náà ló ń gbẹ awọ ara yín, awọ tó gbẹ sì tètè ń bó. Ẹ fi òrí tàbí bàsílínì pa itan, abẹ́ apá, ètè àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ kí ẹ tó wọṣọ. Òrí máa ń dì nínú òtútù, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ yọ́ ọ láàárín àtẹ́lẹwọ́. Àwọn ọkùnrin tí orí ọmú wọn ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ lẹ pílásítà kékeré mọ́ ọn. Ẹ má tijú. A ti rí ẹ̀wù funfun tó ní ojú ẹ̀jẹ̀ méjì láyà ní òpin eré, ìyẹn gan-an ló ń tini lójú.

Ẹ yí inú aṣọ tuntun sóde, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Okùn tí wọ́n fi rán an tó bá ga lábẹ́ apá, tàbí àkọlé ọrùn tó le, á kọ orúkọ sí yín lára kí ẹ tó sáré kìlómítà 15.

Ṣé mo lè fi Róòbù tàbí Abonìkí pa àyà àti ẹsẹ̀ kí ara lè móoru?

Ó ń tan ara jẹ ni. Awọ ló ń mọ̀ ọ́n bí ooru, kò fi ooru kankan kún ara. Tí òógùn bá wá dà á pọ̀ tó sì ṣàn wọ ojú tàbí abẹ́, ẹ ó mọ̀ pé ẹ ti ṣe é. Ẹ rìn díẹ̀, kí ẹ sì fò sókè fún ìṣẹ́jú márùn-ún nínú ilé kí ẹ tó jáde. Ìyẹn ni ooru gidi.

Mo máa ń fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù di ikùn kí n lè sanra kù. Ọyẹ́ sì ni àkókò tó dáa jù fún un, àbí?

Omi lẹ ń pàdánù, kì í ṣe ọ̀rá ara. Bí ẹ bá ti mu omi, ìwọ̀n á padà síbi tó wà. Nígbà ọyẹ́ ó tún burú sí i, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń gbé òógùn lọ kíákíá, ẹ kì í mọ̀ pé omi ń tán lára yín. Ẹ tú u.

Eruku ọyẹ́ ń kún imú mi. Ṣé kí n wọ ìbòmú?

Ìbòmú tó le máa ń jẹ́ kí èémí ṣòro téèyàn bá ń sáré, bó bá sì rin, ńṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ imú. Aṣọ ọrùn fẹ́lẹ́ tí ẹ lè fà sókè bo imú àti ẹnu sàn jù. Ó ń dí eruku ńlá, ó sì ń mú kí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé móoru díẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń dí eruku kíkúnná o. Ní ọjọ́ tí eruku bò débi pé ẹ ò rí ilé tó wà ní òpópónà kejì, ẹ jókòó sílé.

Ẹni tó ní ikọ́ fée ní láti ṣọ́ra ju gbogbo wa lọ, torí afẹ́fẹ́ tútù tó gbẹ máa ń mú kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fún pọ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó bo ẹnu, kí ìńhélà sì wà lápò rẹ̀, kì í ṣe nínú ọkọ̀.

Àwọ̀ wo ló yẹ kí aṣọ jẹ́?

Funfun tàbí àwọ̀ tó ń dán, pẹ̀lú nǹkan tó ń kọ mànà bí iná ọkọ̀ bá kàn án. Nínú oṣù Kìíní, oòrùn kì í yọ ní Àkúrẹ́ títí di ìgbà tó bá súnmọ́ aago méje, kùrukùru àti eruku sì máa ń pàdé lójú títì tó lọ sí Ọ̀wọ̀ àti èyí tó lọ sí Ìdànrè. Ọlọ́kadà tí kò tan iná ò ní rí yín bí ẹ bá wọ dúdú. Ẹ dojú kọ ọkọ̀ tó ń bọ̀, ẹ má sá a tẹ̀ lé e. Tọ́ọ̀ṣì orí dáa, tọ́ọ̀ṣì ọwọ́ náà ò burú.

Kí ni àwọn obìnrin ní láti fi kún un?

Kọ́mú eré tó di àyà mú dáadáa, tí kì í ṣe òwú, nítorí abẹ́ rẹ̀ ni òógùn ń pọ̀ sí jù, ibẹ̀ ni òtútù sì ti ń bẹ̀rẹ̀ tí ẹ bá dúró. Tí irun dídì bá ga, fìlà ò ní wọlé; aṣọ fẹ́lẹ́ tó yí etí ká nìkan ti tó. Ẹni tó ń lo ìjáàbù lè wá èyí tí wọ́n fi aṣọ eré rán, kó sì ki etí rẹ̀ bọ inú ẹ̀wù kó má baà máa fẹ́ lulẹ̀. Nígbà ọyẹ́, òun ni kò nílò fìlà tàbí aṣọ ọrùn rárá, ó ti múra jù wá lọ.

Màmá mi ní òtútù àyà á mú mi bí mo bá jáde láìwọ súwẹ́tà. Ṣé òótọ́ ni?

Orúkọ ló ń tàn wá jẹ, torí "òtútù" wà nínú rẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí ló ń fa òtútù àyà, kì í ṣe ọyẹ́. Ṣùgbọ́n màmá ò jẹ̀bi tán. Bí ẹ bá parí eré tí ẹ wá jókòó tì í nínú ẹ̀wù tó rin, tí ẹ ń tàkúrọ̀sọ fún wákàtí kan, ara yín á tutù ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ gbé ẹ̀wù gbígbẹ kan dání, ẹ pààrọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kí ẹ sì mu ògì gbígbóná.

Ẹ má bá wọn jiyàn o. Ẹ wọ súwẹ́tà jáde lójú wọn, ẹ fi sọ́dọ̀ máígáàdì.

Mo jẹ́ SS. Ṣé mo lè sáré nígbà ọyẹ́? AS ńkọ́?

Òtútù àti àìmu omi tó wà lára ohun tó ń mú kí ìrora fòníkú-fọ̀la-dìde dìde. Ẹni tó jẹ́ SS kò gbọdọ̀ gba ìmọ̀ràn eré ọ̀nà jíjìn lẹ́nu àwa. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ló máa sọ bó ṣe máa ṣe eré ìdárayá àti ìgbà tó máa ṣe é. Ohun kan tí a lè sọ ni pé òfin "ẹ jẹ́ kí òtútù mú yín díẹ̀" tó wà lókè yẹn kò kàn án. Kó móoru láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má sì jẹ́ kí aṣọ tó rin pẹ́ lára rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ AS ń sáré máratọ́ọ̀nù láìsí wàhálà. Kí wọ́n má fipá sá a nígbà tí omi ò tó lára wọn, kí wọ́n sì dúró bí iṣan bá ń ro wọ́n lọ́nà àrà ọ̀tọ̀.

Mò ń lọ sí Kánádà. Ṣé ohun tí ẹ sọ fún Àkúrẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀?

Ìpìlẹ̀ kan náà ni, aṣọ ló ń pọ̀ sí i. Ní dígírì 5 sí 10, ẹ̀wù alápá gígùn kan àti ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́. Ní 0 sí 5, ẹ fi táìtì gígùn àti ohun tó bo etí kún un. Bó bá ti lọ sábẹ́ òdo, ẹ̀wù méjì: ti inú kó lẹ̀ mọ́ ara kó sì máa lé òógùn jáde, ti òde kó máa dí afẹ́fẹ́. Bó bá ti já sí abẹ́ òdo ní dígírì 10, ẹ fi ẹ̀wù tó ń pa ooru mọ́ sí àárín, aṣọ ọrùn, àti ìbọ̀wọ́ tó kó gbogbo ìka pọ̀ sójú kan. Ìka tó wà papọ̀ ń mú ara wọn móoru ju èyí tó dá wà lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Òǹdó lè fi ẹyọ kan kún gbogbo rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, a ò ní bú u.

Ẹ wo afẹ́fẹ́ kí ẹ tó wo dígírì. Bí ojú ọjọ́ bá wà ní dígírì 10 lábẹ́ òdo tí afẹ́fẹ́ sì ń sáré kìlómítà 30 ní wákàtí kan, bíi dígírì 20 lábẹ́ òdo ni awọ ara ń gbà á. Ẹ dojú kọ afẹ́fẹ́ nígbà tí ẹ bá ń lọ, kí ó wà lẹ́yìn yín nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ pẹ̀lú òógùn. Bàsílínì lójú dáa fún gbígbẹ awọ, kò lè dí òtútù tó ń pa ẹran ara.

Èwo ló burú jù, yìnyín gbígbẹ tàbí òjò tútù?

Òjò tútù. Máratọ́ọ̀nù Boston ti oṣù Kẹrin 2018 fi hàn: ojú ọjọ́ ò tilẹ̀ dé òdo, dígírì mẹ́ta sí mẹ́rin ni, ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀, afẹ́fẹ́ sì dojú kọ wọ́n. Àwọn tó mọ eré dáadáa já sílẹ̀ lọ́nà. Yuki Kawauchi ará Japan ló gba ipò kìíní láàárín ọkùnrin, Desiree Linden ará Amẹ́ríkà láàárín obìnrin. Linden fi jákẹ́ẹ̀tì sáré níbẹ̀, èèyàn kì í sì í sábà rí ìyẹn lára ẹni tó ń wá ipò kìíní.

Ní ìlà ìbẹ̀rẹ̀ irú eré bẹ́ẹ̀, ẹ lè dúró fún wákàtí kan kí wọ́n tó yìnbọn. Ẹ wọ súwẹ́tà òkìríkà tí ẹ ò ní sunkún bí ẹ bá jù ú nù, kí ẹ fi ọ̀rá ńlá tí ẹ lu ihò orí àti apá sí bò ó. Ibí nìkan ni a ti gba ọ̀rá láyè.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òtútù ti wọ̀ mí lára débi ewu?

Gbígbọ̀n nìkan kọ́ ni ẹ máa wò. Bí ooru inú ara bá ti lọ sábẹ́ 35, ọwọ́ á máa ṣe gọ̀, ẹ ò ní lè fa síìpù, ahọ́n á máa wúwo, ọpọlọ á sì máa ṣe ségesège. Ẹni náà fúnra rẹ̀ kì í sábà mọ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ ló máa rí i. Bí ẹni tó ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀ bá dákẹ́ gbígbọ̀n láìsí pé ó móoru, kì í ṣe pé ara rẹ̀ ti yá. Ó ti burú sí i ni.

Ẹ gbé e kúrò nínú afẹ́fẹ́, ẹ bọ́ gbogbo aṣọ tó rin, ẹ fi gbígbẹ bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, kí ẹ pe àwọn oníṣègùn. Ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má fi ọtí fún un. Tó bá lè gbé e mì, ẹ fún un ní nǹkan gbígbóná tó ní ṣúgà.